Bọ́ọ̀lù Tó Ń Gbọ́ Ohùn Wa

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ báyìí. Mo gbé e tì títí, kò lọ. Ọjọ́ Àìkú kan ló bẹ̀rẹ̀, ní Lafiaji ní Erékùṣù Èkó, níbi tí mo ti ń dúró de ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Inú ibẹ̀ kún dẹ́nu. Àwọn tí kò ráyè wọlé dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń na ọrùn. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ẹgbẹ́ méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń wọ̀yá ìjà lórí tẹlifíṣọ̀n. Àfi bí ariwo ńlá kan ṣe ta láti ọ̀nà pápá Onikan. Ẹni tó bá ti dé pápá rí kò ní ṣì í gbọ́: ariwo góòlù ni. Kò sí ẹni tó yíjú. Ọmọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì Arsenal bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún?" Èyí dá a lóhùn pé, "Bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Láti ibi tí wọ́n dúró sí, èèyàn á rìn dé ẹnu géètì Onikan kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn tó jáde láti ìsinmi ìlàjì. Mi ò bínú sí àwọn ọmọ náà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò mú ọmọ dé rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Wọ́n lè ka orúkọ àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì Arsenal láìmí, láti orí aṣọ́lé kejì dé orí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Ìdíje líìgì àgbà orílẹ̀-èdè tiwọn ń lọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé wọn, wọn ò sì mọ̀.

Ó gbọ́

Mi ò ṣàjèjì sí Onikan. Àwọn àgbà ṣì ń pè é ní King George, orúkọ tó ń jẹ́ láyé òyìnbó. Lẹ́yìn tí ìjọba tún un kọ́ ni wọ́n fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, sọ ọ́. Nǹkan bí 10,000 èèyàn ló lè gbà. Àwọn ìjókòó ibẹ̀ sún mọ́ ìlà débi pé ẹ ó máa gbọ́ bí bàtà ṣe ń ba bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ Lafiaji yẹn ni mo tún padà lọ. Ìkòròdú City ló ń gbàlejò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì mi kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Àwa tá a wà níbẹ̀ kò kún ìjókòó rárá. Àwọn kan wá láti Ìkòròdú pẹ̀lú ìlù àti fèrè, wọ́n kó ara wọn jọ sápá kan, wọ́n ń kọrin láìsinmi. Àwa tó kù fọ́n káàkiri. Nígbà tí wọ́n wọ ìlàjì kejì, ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì fún Ìkòròdú wá bọ́ sọ́dọ̀ wa gan-an. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù àlejò kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀nà kan náà ni onítọ̀hún ń gbà: á ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba etí ìlà, á wá fi ẹsẹ̀ òsì gé e wọ inú lójijì, á yìnbọn sí góòlù. Ìgbà kan, orí igi ló bá. Ìgbà kejì, aṣọ́lé ló fi ìka yọ ọ́ sókè.

Bàbá kan jókòó níwájú mi, ó de fìlà, ó gbé ẹ̀pà sórí itan, ó ń bó o jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó tó mẹ́ta. Ó kó ẹ̀pà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sì ké: "Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ní o! Dí inú! Jẹ́ kó máa gba etí ìlà lọ!"

Ọmọ yẹn kò yíjú. Ó kàn gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó na àtàǹpàkò sókè.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù tún dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dà á láàmú, ọmọ Ìkòròdú náà ti kúrò níbi tó máa ń dúró sí. Ó dí inú pa, ó ṣí etí ìlà sílẹ̀ fún un. Ẹni yẹn wò ó, ó fi ara lọ síhìn-ín, ó fi ara lọ sọ́hùn-ún, kò rí ọ̀nà. Ó wá gba etí ìlà lọ ní tipátipá, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a, bọ́ọ̀lù sì fò lọ sẹ́yìn igi. Bàbá náà kò pariwo, kò jó. Ó kàn yíjú sí àwa tá a wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ó gbọ́."

Gbogbo àyíká wa yí padà láti ìgbà náà lọ. Àwọn tó ti ń wo fóònù gbé e sápò. Ọmọdé kan tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bi bàbá yìí pé, "Bàbá, ṣé ó gbọ́ yín lóòótọ́?" Bàbá ní, "Pè é wò." Ọmọ yẹn dúró títí wọ́n fi fẹ́ ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ibi tá a wà, ó wá fi gbogbo agbára rẹ̀ pe nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn jẹ́sì ọmọ Ìkòròdú náà. Agbábọ́ọ̀lù náà gbójú sókè, ó wá a títí ó fi rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ju bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Mo wo ojú ọmọdé náà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún lè sọ fún un láé pé ṣọ́ọ̀ṣì ló wà ní Onikan.

Ibẹ̀ ni ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ti wá yé mi. A máa ń sọ pé ká ti líìgì ilé lẹ́yìn nítorí ìfẹ́ ìlú, bí ìgbà tí wọ́n ń bẹ èèyàn pé kó san owó orí. Ìdí yẹn kò tó mú ẹnikẹ́ni dìde nílé lọ́jọ́ Àìkú. Ìdí tí mo rí lọ́jọ́ yẹn lágbára jù ú lọ: nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tá a lè fẹ́ràn láyé yìí, èyí nìkan ló lè gbọ́ ohùn wa. Bí a bá sọ̀rọ̀, ẹnì kan lórí pápá á ṣe nǹkan sí i.

Ta ló ń gbọ́ wa ní London?

Èmi náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù òkèèrè, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni bọ́ jẹ́sì Chelsea tàbí Liverpool sọnù. Bọ́ọ̀lù wọn dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sọ wọ́n di bí wọ́n ṣe dà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2021, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 12 nílẹ̀ Yúróòpù kéde pé àwọn fẹ́ dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Super League. Mẹ́fà nínú wọn wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Arsenal, Chelsea, Liverpool, Tottenham àti ẹgbẹ́ Manchester méjèèjì. Àwọn olówó ló ṣètò rẹ̀, àdéhùn ti wà nílẹ̀, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn alátìlẹ́yìn Chelsea tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn sí ojú títì tó wà níwájú Stamford Bridge, pápá wọn, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwọn fúnra wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ní àwọn ò ṣe mọ́.

Àwọn alátìlẹ́yìn Chelsea pọ̀ ní Èkó ju bí wọ́n ṣe pọ̀ lójú títì yẹn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n àwọn tó lè fi ẹsẹ̀ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà pápá ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Wọ́n ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bàbá wọn lọ, bàbá bàbá wọn lọ. Àwọn ló ni ẹgbẹ́ náà lọ́nà tí ìwé kò lè kọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ni ín nínú ìwé fi gbọ́ tiwọn. Èèyàn laṣọ, Yorùbá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará London ló sì wọ aṣọ yìí fún ẹgbẹ́ wọn kí tẹlifíṣọ̀n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Nígbà tí Èkó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀

Ẹ bi àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Erékùṣù Èkó tàbí Sùúrùlérè nípa Stationery Stores, kí ẹ wo bí ojú wọn á ṣe mọ́lẹ̀. Israel Adébájọ̀, tó ń ta ohun èlò ọ́fíìsì, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1958. Wọ́n gba Challenge Cup, ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wa, ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968, 1982 àti 1990. Haruna Ilerika gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ọ̀gá nínú ká máa fi bọ́ọ̀lù yọ láàárín èèyàn mẹ́ta. Peter Anieke náà wà níbẹ̀. "Up Super!" ni igbe wọn, àwọn àgbà kan ṣì ń fi kí ara wọn lónìí. Bí Shooting Stars bá wá láti Ìbàdàn tàbí Rangers láti Enugu, ẹni tí kò bá tètè kúrò nílé á dúró síta ni.

Ní 1992, Stores gba líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ni Premier League bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń ronú lórí ìyẹn gan-an. Ohun méjèèjì bọ́ sínú ọdún kan: ọ̀kan ń gòkè bọ̀, ìkejì ti dé òkè téńté, ó sì fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Lónìí, kò sí Stores nínú líìgì àgbà mọ́. Ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ Julius Berger, tó gba líìgì ní 1991 àti 2000, tí Sunday Oliseh àti Emmanuel Amunike kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí mọ́. Ẹgbẹ́ NEPA kò sí. Ẹgbẹ́ First Bank kò sí. Ẹgbẹ́ Railway, tí orúkọ rẹ̀ ń já bí àrá nígbà kan, kò sí.

Kí ló pa wọ́n? Ìfẹ́ kò ṣàìsí, ẹ bi àwọn àgbà yẹn. Owó wọn ni kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn wọn. Àpò ẹnì kan tàbí iléeṣẹ́ kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tí olówó bá kú, tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀, tàbí tí ọ̀gá tuntun bá dé iléeṣẹ́ tó sì béèrè pé kí ni bọ́ọ̀lù ń ṣe nínú ìwé ìṣirò owó àwọn, ẹgbẹ́ parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ líìgì wa lónìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ ń bọ́, ewu kan náà sì ni: gómìnà yí padà, owó oṣù dúró.

Nítorí náà ni inú mi ṣe ń dùn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lágbègbè wa báyìí. Remo Stars láti Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ aládàáni, gba líìgì ní sáà 2024/25 fún ìgbà àkọ́kọ́, lábẹ́ kọ́ọ̀ṣì Daniel Ogunmodede. Sporting Lagos bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n gun líìgì àgbà lọ́dún kejì, wọ́n sì jábọ́ ní 2024. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi hàn pé ọ̀dọ́ Èkó á wá sí pápá bí a bá pè wọ́n dáadáa. Ìkòròdú City wọ líìgì àgbà bí àwọn yẹn ṣe ń kúrò. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù MFM náà, ẹ má gbàgbé: ipò kejì ni wọ́n ṣe ní 2017, Agége sì ni ilé wọn. Ọdún yẹn ni Sikiru Ọlátúnbọ̀sún gbá góòlù kan ní pápá Agége tí àwọn òǹwòran CNN dìbò fún gẹ́gẹ́ bíi góòlù ọ̀sẹ̀. Àwọn tó wà lókè òkun rí i, wọ́n dìbò. Mélòó nínú àwa tá a ń gbé ní Ìpájà, Dọ̀pẹ̀mú àti Ìyánà Ìpájà ló wà ní pápá lọ́jọ́ náà? MFM ti kúrò ní líìgì àgbà láti 2022.

Èébú tá a bú àwọn ọmọ ilé

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ní Zanzibar, Sudan fi góòlù mẹ́rin sí òdo lu àwọn ọmọ wa nínú ìdíje CHAN, èyí tó wà fún kìkì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì orílẹ̀-èdè wọn. Èébú tá a bú wọn lọ́jọ́ náà, etí ló gbọ́ ọ, ẹnu kò ṣeé sọ. Wọ́n ní kí wọ́n fagi lé líìgì. Wọ́n ní ọmọ àdúgbò sàn jù wọ́n lọ. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń bú wọn pé kó dárúkọ agbábọ́ọ̀lù méjì péré nínú ẹgbẹ́ náà àti ibi tí wọ́n ti ń gbá. Kò mọ ẹyọ kan.

Ogun ti ń jà ní Sudan láti oṣù Kẹrin ọdún 2023. Al Hilal àti Al Merrikh, ẹgbẹ́ wọn tó tóbi jù lọ, ní láti kó lọ sí Mauritania láti gbá nínú líìgì ibẹ̀, torí pé wọn ò lè gbá nílé. Síbẹ̀ àwọn èèyàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n nìkan wà. Ilé tiwa wà, pápá wà, àwa la ò wọ ibẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan là ń lò.

Irú àwọn ọmọ líìgì ilé yìí náà ló gbé wa ga, bí ẹ bá rántí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, Sunday Mba tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ló gbá góòlù kan ṣoṣo tó fún wa ní ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Godfrey Oboabona láti Sunshine Stars Àkúrẹ́ wà lẹ́yìn, ó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn alátakò. Stephen Keshi, kọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà, ló ní òun á mú àwọn ará ilé dání, ọ̀pọ̀ ló sì takò ó kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ àwọn ohun tí ẹ óò sọ. Wàhálà máa ń wà ní pápá. Rẹfirí kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó gbàlejò ló ń ṣe é fún. Ní àwọn ìlú kan, kí àlejò borí ti di èèwọ̀, wọ́n sì ti lu rẹfirí rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Pápá mìíràn dà bí ojú ọ̀nà tí òjò ti bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú sí ohun tó ń fa apá kan nínú rẹ̀. Bí èèyàn díẹ̀ bá wà ní pápá, tí ogójì nínú wọn sì wá láti dẹ́rù ba rẹfirí, ohùn ogójì yẹn nìkan ni rẹfirí ń gbọ́. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn bá wà níbẹ̀, tí ìyá wà, tí bàbá wà, tí ọmọdé wà, tí wọ́n gbé fóònù sókè, ariwo àwọn ogójì náà á wọlé sínú ti gbogbo èèyàn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Pápá tó ṣófo kò ní ojú.

Owó tó yẹ kó padà wálé

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí, ó sì ṣe pàtàkì. Bí ẹgbẹ́ kan lókè òkun bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, òfin FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 ní ìpín 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 dé 23 ní ìpín 0.5. Owó yìí kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ọmọ náà tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ni wọ́n tún ń pín in.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ọmọ kan lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ní Èkó, láti ọmọ ọdún 16 dé 18. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹgbẹ́ tó wà lókè òkun tà á fún òmíràn ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò. Ìpín ẹgbẹ́ Èkó yẹn jẹ́ 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 150,000 yúrò. Nígbà tí Galatasaray ra Victor Osimhen, ọmọ Olúsosùn, lọ́wọ́ Napoli ní 2025, mílíọ̀nù 75 yúrò ni wọ́n san. Lórí irú owó bẹ́ẹ̀, ọdún kan ṣoṣo lẹ́yìn ọmọ ọdún 15 ń pe 375,000 yúrò. Owó tó lè gbé ẹgbẹ́ kan ró nìyẹn, kó san owó oṣù, kó tún ibùsùn àwọn ọmọ kékeré ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó máa gba owó yẹn gbọ́dọ̀ wà láàyè nígbà tí owó náà bá dé, orúkọ ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ẹgbẹ́ tó ti kú, tí ìwé rẹ̀ ti jẹrà sínú àpótí lẹ́yìn ilé ẹnì kan, kò ní rí nǹkan gbà. Ìdí tí mo fi ń mẹ́nu bà á nìyí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wa kò ní sọ ẹnikẹ́ni di olówó, mo mọ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí akọ̀wé wà lẹ́nu iṣẹ́, kí iléeṣẹ́ tó fẹ́ polówó ọjà rí èèyàn tó máa wò ó, kí ọmọ ọdún 18 tó mọ̀ pé àdúgbò òun mọ orúkọ òun fi ọdún kan sí i kó tó gba ohunkóhun tí aṣojú kan bá gbé síwájú rẹ̀. Ilé ni a ti í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, àwọn tó yẹ kó wo ẹ̀ṣọ́ náà sì ni àwa ará ilé.

Àwọn obìnrin náà ń gbá

Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, tó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà nígbà mẹ́fà, kọjá lọ́dọ̀ FC Robo ní Èkó. Rasheedat Ajíbádé láti Múṣin náà kọjá níbẹ̀. Òun ló ṣe balógun Super Falcons, ẹgbẹ́ obìnrin orílẹ̀-èdè wa, nígbà tí wọ́n gba WAFCON, ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà, fún ìgbà kẹwàá ní oṣù Keje ọdún 2025, tí wọ́n sì yan òun ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn wà nínú líìgì obìnrin lónìí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, tí wọ́n ń lé e wọlé, ẹ mú un lọ wò wọ́n. Á yé e.

Ọ̀nà Onikan

Ìdíje líìgì àgbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú tàbí Mile 12, bọ́ọ̀sì BRT tó ń lọ TBS (Tafawa Balewa Square) ni kó wọ̀. Bí ẹ bá sọ̀ ní TBS, ẹ ti dé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mile 2 tàbí Orílé, rélùwéè Blue Line á gbé e dé Marina láìsí gòsíló, ó kù kó rìn tàbí kó wọ ọkọ̀. Láti Obalende, ẹsẹ̀ tó o. Ẹ tètè dé, torí ibi tó dára jù láti jókòó ni àárín, nítòsí bẹ́ǹṣì, níbi tí ẹ ó ti máa gbọ́ gbogbo ohun tí kọ́ọ̀ṣì ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòran, mo bẹ̀ yín: ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Èkó bá ń gbá nílé, ẹ kọ ọ́ sára pátákó tí ẹ fi ń kọ ìdíje òyìnbó. Ìlà kan péré ni. Kò ní dín oníbàárà yín kù, torí àwọn kan á ti ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ sí pápá, wọ́n á tún padà wá lálẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà ní Erékùṣù, ní Òbáléndé àti ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ kí ẹ tó kó àwọn ọmọ lọ. Ohun tó dára ni kí àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ̀ pé ọmọ iléèwé ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ojú yín rí Ilerika, tí ẹ dúró lórí ìlà ní Sùúrùlérè láti àárọ̀ kí Stores tó gbá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ni mo ń fẹ́ jù lọ. Ẹ mọ orin. Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Àwọn ọmọ tó ń lu ìlù ní Onikan báyìí ń dá orin tiwọn sílẹ̀, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ti àtijọ́. Ẹ mú ọmọ-ọmọ yín dání lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onílù, kí ẹ sì kọ́ wọn.